Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ní Ìlú Ọba: Ọjọ́ Márùn-ún tí Mo Lò ní Lọ́ńdọ̀nù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe yìí ni mo máa ń fi bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wí nígbà tí wọ́n bá ń fọ́nnu. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mo dé oko ẹlòmíràn, oko náà sì tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irè oko bàbá tèmi ni mo bá nínú àká rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Súrùlérè. Mo ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà náà, n kò sì tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú kọjá Àbújá rí. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2001, ni ó pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ mi, kí n ṣáà wá bá òun jókòó fún ọjọ́ díẹ̀. Òun ni ó san owó ọkọ̀ lálọ àtàbọ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo rí yọ, nítorí pé àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ìgbà ìsinmi ń dúró dè mí.

Peckham ni àbúrò mi ń gbé, ní apá gúúsù odò Thames. Àwọn ènìyàn a máa pe àdúgbò náà ní Èkó Kékeré, wọn kò sì parọ́. Ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Rye Lane, mo rí iṣu, èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ àti ata rodo. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ná ọjà ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, bí ẹni pé Tejúoṣó ni ó wà. Ohun tí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò sí ní Yábàá ni pé kò sí awakọ̀ tí ń fun fèrè, àti pé ní aago mẹ́jọ alẹ́, oòrùn kò tíì wọ̀.

Ìṣirò ni ó kọ́kọ́ fẹ́ dá mi lágara. Owó bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo jẹ́ £1.75. Ní àsìkò náà, pọ́n-ùn kan ti lé ní 2,000 náírà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ọkàn mi á sọ fún mi pé ó ti lé ní 3,500 náírà, mo sì máa ń dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já lólè. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ń ṣe ìṣirò báyìí, ẹ kò ní í lè ra omi mu ní ìlú yìí.”

Ní ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ kò jẹ́ kí àbúrò mi ráyè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ó yàn láti mú mi kiri. Dádì Èkó ni ọmọ náà ń pè mí. Kò sí àárọ̀ tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó gbọ́. Mo ń wò ó, mo ń dákẹ́, mo sì ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú de bàbá rẹ̀.

A wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, nọ́mbà 12, a sì jókòó sí òkè pátápátá níwájú. Ó gbé wa gba Camberwell àti Elephant and Castle, ó sì gun orí afárá Westminster. Ọmọ náà nawọ́ sí ilé àwọn aṣòfin àti sí Big Ben, agogo ńlá tí ayé mọ̀. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ fi hàn án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí i. Mo sọ fún un pé ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ìlú yìí nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba amúnisìn gbà. Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání wá. Ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ní ọdún 1921, wọ́n sì dá Olúwa láre. Ọmọ náà bi mí bóyá Macaulay yìí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà tí bàbá òun máa ń dárúkọ ní Yábàá. Mo ní òun gan-an ni. Inú mi dùn; mo rò pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, èmi sì ni olùkọ́.

A sọ̀kalẹ̀ ní Trafalgar Square, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé British Museum. Ọdún 1753 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí sílẹ̀, a kì í sì í san owó ìwọlé. Àwọn ohun tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá wà ní ìsàlẹ̀, ní ibi tí a ní láti gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dá mi dúró kì í ṣe ti Yorùbá. Ojú Ìdía, ìyá Ọba Benin, ni, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí gíga rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 24 lọ. Mo ti mọ ojú yìí kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ilé wa kò sì jìnnà sí Ìgànmú, níbi tí wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè sí, èyí tí ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní ọdún 2024. Ojú Ìdía ni àmì àjọ̀dún náà. Ó wà lára aṣọ, ó wà lára ìwé, ó wà lára pátákó ní ìgboro. Ní èrò ọmọdé tèmi, inú ilé ńlá tí ó dà bí fìlà ológun yẹn ni ojú náà ń gbé. Ìgbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo tó mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó o lọ ní ọdún 1897, pé Nàìjíríà fẹ́ yá a lò fún àjọ̀dún náà, àti pé wọ́n kọ̀, wọ́n ní kò lágbára ìrìn-àjò. Ẹ̀dà tí wọ́n gbẹ́ ní Benin ni a fi ṣe ọdún. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, mo dúró níwájú rẹ̀, a sì jọ ń wo ara wa. N kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà rò pé ó rẹ̀ mí, ó wá ìjókòó fún mi.

Orí idẹ Ifẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí bàbà àti idẹ nínú ilẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1939, ọ̀kan nínú wọn ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Mo sọ fún ọmọ náà pé nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní ọdún 1910, kò gbà pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe wọ́n. Ó ń wá àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ tí ó lè fún ní ìyìn. Ọmọ náà mi orí. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jọ ti dádì mi.” Mo wò ó dáadáa, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́, pàápàá ní imú àti ètè.

Níkẹyìn ni a dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwòrán rẹ̀ máa ń wà nínú àwọn ìwé tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àwòrán rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwòrán dúdú àti funfun ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. N kò mọ̀ rárá pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ jáde kúrò lára pákó tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa bá ọ̀nà wọn lọ. Mo ti ń kọ́ni ní ohun tí n kò rí.

Mo ka ilẹ̀kùn náà fún ọmọ náà bí a ṣe ń ka ìwé. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé orí rẹ̀, olorì rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé ru, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí ó sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, ta ni àlejò, ta ni onílé? Ó ní ẹni tí ó jókòó ni onílé. Ẹni tí wọ́n gbé wá ni àlejò. Mo ní ó gbà á. Ìjọba ti bọ́ sí ọwọ́ Òyìnbó nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀bẹ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọba jókòó, àlejò ń bọ̀ wá kí i. Bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ òótọ́ nìyẹn nígbà tí ẹnu kò bá ní àyè láti sọ ọ́.

Ọmọ náà wá ka ohun tí wọ́n kọ, ó sì bi mí bí ilẹ̀kùn ọba ṣe dé ibí. Mo sọ fún un pé wọ́n gbé e wá síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní ọdún 1924, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni ó gbà dípò rẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Wọ́n fi àga gba ilẹ̀kùn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Dádì Èkó, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọba náà, ṣé ẹ máa gbà?”

Mo ní láéláé! Mo tilẹ̀ sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tí ó wà nítòsí yíjú sí wa. Mo ṣàlàyé fún un pé a kò gbọ́dọ̀ fi ojú òní dá ọba ànà lẹ́jọ́, pé ohun tí ó ti òkèèrè wá máa ń dán lójú ẹni nígbà náà, àti pé ọba tí ó wà lábẹ́ amúnisìn kò ní àyè púpọ̀ láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n èmi o, n kò ní í fi ilẹ̀kùn ilé mi gba àga ẹnikẹ́ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti ń jẹ àmàlà, mo tú ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé ohun tí ó ṣe kò dára. Mo ní ọmọ tí ó ní làákàyè tó báyìí, tí ó dá ojú bàbá rẹ̀ mọ̀ lára orí Ifẹ̀, báwo ni kò ṣe ní í gbọ́ èdè bàbá rẹ̀? Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó ní báàgì ẹ̀rí lọ́wọ́.

Àbúrò mi kò bínú. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni ẹ sọ, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ọmọ yín obìnrin tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná, èdè wo ni ẹ fi bá a sọ̀rọ̀?”

Ẹnu mi kò gbà mí mọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń bá àbíkẹ́yìn mi sọ. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, a fi í sí ilé-ìwé aládàáni kan tí wọ́n ti máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Ìyá rẹ̀ àti èmi jọ pinnu pé kí ó má baà máa ṣe àṣìṣe, kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé náà. Èmi tí mo ń fi ọ̀sán gbogbo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀yà gbólóhùn àti oríkì, tí ìjọba sì ń san owó oṣù fún lórí rẹ̀, ni mo ń mú nínú owó oṣù kan náà lọ san ní ilé-ìwé tí èdè náà ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í fi dáhùn. Àbúrò mi ní àwáwí: òkun wà láàárín òun àti ilé. Kí ni ó wà láàárín èmi àti ilé ní Súrùlérè? A ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde, mo fi ilé sílẹ̀ ní òfìfo. Èmi náà ti fi ilẹ̀kùn gba àga.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ohun kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́, tí n kò sì so pọ̀ mọ́ nǹkan kan rí, ni ó ń yí nínú orí mi. Ní ọdún 1924 tí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà ní Wembley, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá, a sì gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1925, ó wà lára àwọn tí ó dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ wò ó: ní ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, ohun tiwa kan dúró níbi ìpàtẹ láìlẹ́nu, ohun tiwa kejì sì gba inú afẹ́fẹ́ fọhùn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo ń ronú rẹ̀ lórí ibùsùn ní Peckham.

Ọ̀rọ̀ àwọn ohun ọnà tí wọ́n kó lọ kò sí ní ọwọ́ olùkọ́ bí èmi. Òfin ọdún 1963 ni kò jẹ́ kí British Museum lè yọ̀ǹda ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bí ó ti wù ú. Àwọn mìíràn ti ń ṣe tiwọn: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman, tí kò jìnnà sí ilé àbúrò mi, dá ẹ̀tọ́ ohun ọnà Benin 72 padà fún Nàìjíríà ní ọdún 2022, ilẹ̀ Netherlands náà dá 119 padà ní ọdún 2025. Ó yẹ kí a máa bèèrè ìyókù láìsinmi. Ṣùgbọ́n èdè ńkọ́? Kò sí ọmọ ogun tí ó wọ ilé mi wá kó o. Kò sí òfin kankan tí ó tì í mọ́ inú gíláàsì. Bí ó bá kúrò nílé wa, àwa ni a ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo jẹ́wọ́ fún ọmọ mi. Ó ṣòro fún bàbá láti sọ fún ọmọ pé òun ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. N kò bínú, n kò sì yí padà. Ní sáà tuntun, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù ti Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń la afárá kọjá sí Erékùṣù Èkó nígbà gbogbo. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan ohun kan ṣoṣo, kí ó dúró tì í títí yóò fi lè kà á fún wa ní Yorùbá bí ẹni ka ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dán an wò. Ẹ má ṣe bí èmi tí mo fi àwòrán tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọmọ àbúrò mi náà kò gbàgbé. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, òun àti ọmọ mi máa ń pe ara wọn lórí fóònù, àdéhùn wọn sì ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá. Ọmọ mi, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, ti wá di olùkọ́ fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ náà ní kí ó gbé fóònù fún mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ó mú ohùn rẹ̀ dúró dáadáa, ó ní, “Dádì Èkó, ẹ káàárọ̀ o, sà.”

N kò tọ́ ọ sọ́nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni o jí?”